Blender: báwo lẹ ṣe ń to ẹrù inú Asset Browser kí ó má baà dàrú mọ́ yín lọ́wọ́?

Aláwòrán_Ọjẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe eré àwòrán ọmọdé n'Íbàdàn, nípa ọmọ onílù kan tí ilé wọn wà lẹ́bàá Mápó. Blender 4.2, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán 3D, la ń lò; Asset Browser ni àtẹ tó ti ń fi ẹrù (asset) hàn. Láti 2022 ni mo ti ń ya nǹkan jọ: ìlù, ìkòkò, àpótí ìjókòó, páànù tó ti dípẹtà, igi ọ̀dán, aṣọ òkè. Fáìlì .blend 214 ló wà nínú hard drive mi báyìí. Orúkọ díẹ̀ nínú wọn nìyí: ilu_final, ilu_final2, ilu_tuntun, ilu_lo_eyi.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dùn mí jù. Mo fi ọ̀sán gbáko ya awọ gángan, material (àwọ̀ àti ìrísí ojú nǹkan) tó dúdú díẹ̀ láàárín níbi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń bà á lójoojúmọ́, tí etí rẹ̀ sì ṣì mọ́ bí awọ tuntun. Lálẹ́, mo yọ ọ́ kúrò lára ìlù kí n lè dán òmíràn wò. Mo pa fáìlì mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, iná lọ, mo sùn. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, awọ náà ti pòórá. Mo ṣí .blend1, ẹ̀dà ìṣáájú tí Blender ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà.

Ohun kejì: bí mo bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ láti Ṣakí, aláwọ̀ osùn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ burúkú kan ló máa ń bá lára gbogbo nǹkan, bíi pé ẹnì kan da ọ̀dà lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń to tiyín?

Bàbá_Mẹ́ṣì · Ọjọ́bọ̀, 10:02 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Iná kọ́ ló gbé awọ rẹ lọ. Blender kì í kọ ohun tí nǹkan kan kò lò sínú fáìlì. Gbogbo material, mesh (ara ohun tí a yà) àti àwòrán ló ní iye ohun tó ń lò ó. Nígbà tó o yọ awọ yẹn kúrò lára gángan, iye náà di òdo. Níwọ̀n ìgbà tí fáìlì ṣì wà ní ṣíṣí, wàá ṣì rí i nínú àkójọ, pẹ̀lú 0 níwájú orúkọ rẹ̀. Tó o bá pa fáìlì mọ́ tó o sì tì í, ó ti lọ nìyẹn. Nítorí pé o pa á mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà tí kò ní awọ náà ló bọ́ sínú .blend1.

Àmì asà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ material. Fake User ni. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ó ń di àyè mú: Blender á gbà pé nǹkan kan ń lò ó, kò sì ní jẹ́ kó sọnù.

Ṣùgbọ́n fún ohun tó o mọ̀ pé wàá tún padà wá bá, má dúró lórí asà nìkan. Fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, kó o yan Mark as Asset. Asà yẹn á wọlé fúnra rẹ̀, ohun náà á sì hàn nínú Asset Browser pẹ̀lú àwòrán kékeré rẹ̀. Ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ló gbé Asset Browser dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, ojú lásán la fi ń wá ẹrù kiri inú fódà, a sì ń ṣí fáìlì mẹ́wàá kí á tó rí ìkòkò kan.

Bí mo ṣe to tèmi nìyí. Fódà kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹrù, mo sì fi han Blender ní Preferences, lábẹ́ File Paths, níbi tí wọ́n kọ Asset Libraries sí. Gbogbo asset tó bá wà nínú fódà yẹn àti nínú àwọn fódà abẹ́ rẹ̀ ló máa hàn. Fáìlì 11 péré ló wà níbẹ̀, ìdílé kan fún fáìlì kan: ti àwọn ìlù, ti ohun èlò ìdáná, ti òrùlé, ti igi, bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì tí mo ti ń ṣe eré lọ́tọ̀, fáìlì tí ẹrù ń gbé lọ́tọ̀. Àṣìṣe tí 214 yẹn fi hàn nìyẹn, àbúrò: ìlù kan náà ní ilé mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ni ojúlówó.

Kó o tó fi àmì asset sí nǹkan, tẹ Ctrl+A kó o yan Scale. Ìwọ̀n Blender kan jẹ́ mítà kan. Tí gángan rẹ kò bá tó ìdajì mítà lójú ayé, kó máà tó o níbẹ̀ náà, kí ẹni tó bá fà á wọ inú eré má bàa rí ìlù tó ga ju ilé lọ.

Túńdé_Ń_Kọ́ṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 11:30 àárọ̀

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú, oṣù méjì péré ni mo dé ìdí iṣẹ́ yìí. Mo rí ohun tí wọ́n ń pè ní catalog lápá òsì Asset Browser. Mo gbé mesh lọ sínú catalog kan, mo wá wo inú fódà mi, kò sí ohun tó yí níbẹ̀. Ṣé fódà kọ́ ni catalog ni?

Bàbá_Mẹ́ṣì · Ọjọ́bọ̀, 12:11 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi lo bi, Túńdé. Fódà kọ́. Wò ó bí ọjà: fódà àti fáìlì ni ilé tí ẹrù ń sùn, catalog ni àtẹ tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí. O lè gbé agbọ̀n ata láti àtẹ kan lọ sí òmíràn ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, ilé tó máa sùn lálẹ́ kò yí padà.

Tó o bá fẹ́ fi ojú rí i, lọ sínú fódà ẹrù rẹ, wàá bá fáìlì kan tó ń jẹ́ blender_assets.cats.txt. Fi ohunkóhun tó ń ka ọ̀rọ̀ ṣí i. Ohun tó wà nínú tèmi rí báyìí:

VERSION 1
5b1f0c2e-7a44-4d0b-9c3e-2f6a81d7e930:Ilu/Dundun:Ilu-Dundun

Nọ́ńbà gígùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni orúkọ tí Blender mọ àtẹ náà sí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ojú ọ̀nà rẹ̀: Ìlù, lábẹ́ rẹ̀ Dùndún. Ìyá ìlù, gúdúgúdú, kẹríkẹrì, gbogbo wọn nọ́ńbà yẹn ló wà lára wọn nínú fáìlì .blend tiwọn. Ìdí nìyẹn tó o fi lè pa orúkọ àtẹ dà láìṣí fáìlì kankan: nọ́ńbà kò yí.

Ṣùgbọ́n tí fáìlì kékeré yìí bá sọnù, gbogbo ẹrù rẹ á bọ́ sí Unassigned (ibi ohun tí kò ní àtẹ) lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù ò sọnù, ètò ló sọnù. Tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà ẹrù yín síbòmíràn, ẹ rí i pé ó bá a lọ. Mo ti rí ẹni tó kó gbogbo .blend rẹ̀ wọ dísìkì tuntun, tó fi èyí sílẹ̀ nítorí pé ó rò pé ìwé àkọsílẹ̀ lásán ni.

Ọmọ_Peckham · Ọjọ́bọ̀, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́ndọ̀nù ni mo wà, ẹrù yíyà fún géèmù ni iṣẹ́ mi. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá_Mẹ́ṣì pé kí ohun kan ní ilé kan, ṣùgbọ́n wọn ò tíì sọ ohun tó lè ba ìlànà yẹn jẹ́: bí ẹ bá ń fa asset wọ inú eré, ẹ wo ohun tí ẹ yàn lókè Asset Browser. Tó bá jẹ́ Append, ẹ̀dà ni ẹ ń ṣe. Àpótí ìjókòó inú eré kejìlá ti di ti eré kejìlá nìyẹn, kò mọ ojúlówó mọ́. Link ni kí ẹ yàn. Tí ẹ bá tún ẹsẹ̀ àpótí ṣe nílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo eré tó ń lò ó á gba àtúnṣe náà nígbà tí ẹ bá ṣí wọn.

Fún ẹni inú eré tó ní egungun, tí ẹ fẹ́ kó gbọ́wọ́ sókè, Link nìkan kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Library Override lẹ máa ṣe lé e, ìyẹn ìyípadà tí ẹ ń ṣe nínú eré láìfọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ má wá proxy, ọ̀nà àtijọ́ fún iṣẹ́ yìí tí àwọn fídíò àtijọ́ ń kọ́ni: wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Aláwòrán_Ọjẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Mo dúpẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ wo bí tiwa ṣe rí. Ọ̀rẹ́ wa ní Ṣakí kò ní dátà tó lè gbé gbogbo fódà ẹrù. Fláàṣì ni a fi ń ránṣẹ́, nígbà mìíràn awakọ̀ la ń bẹ̀ kó bá wa mú un lọ. Tí n bá fi eré tí mo ṣe Link sí ránṣẹ́, tí fódà ẹrù kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ló máa rí?

Ọmọ_Peckham · Ọjọ́bọ̀, 8:41 alẹ́

Kò ní rí nǹkan kan. Àyè òfo. Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ní fódà ẹrù kan náà kí Link tó ṣiṣẹ́.

Bàbá_Mẹ́ṣì · Ọjọ́bọ̀, 9:37 alẹ́

Ibí ni èmi àti Ọmọ_Peckham ti yàtọ̀. Níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti wà lórí sáfà kan náà, Link ni ọba. Ṣùgbọ́n ẹni tí dátà wọ́n fún, tí fláàṣì rẹ̀ ń gun mọ́tò, mi ò lè ní kó fi gbogbo eré rẹ̀ rọ̀ sórí okùn tí ó lè já lójú ọ̀nà. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo ń ṣe Link fún ohun tó ṣì ń yí padà lójoojúmọ́, pàápàá àwọn ènìyàn inú eré. Ìkòkò tó ti parí, tí a ò ní fọwọ́ kàn mọ́, Append Reuse Data ni mo ń lò fún un. Tí ẹ bá fa ìkòkò kan náà wọlé lẹ́ẹ̀kẹwàá, ara ẹyọ kan ni gbogbo wọn máa pín, fáìlì kò sì ní wú.

Ní ti àwọ̀ osùn yẹn: bí Blender ṣe ń kígbe pé òun ò rí àwòrán texture (èyí tí a fi bo ara nǹkan) nìyẹn. Ojú ọ̀nà tó wà nínú fáìlì rẹ ní láti jẹ́ irú D:\Awon_Aworan\awo.png, ọ̀rẹ́ rẹ kò sì ní fódà bẹ́ẹ̀. Lọ sí File, External Data, Make Paths Relative. Ojú ọ̀nà á wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú //, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ibi tí fáìlì .blend yìí fúnra rẹ̀ wà ni kó ti máa wò. Ṣùgbọ́n tí .blend bá wà lórí C, tí texture wà lórí D, Windows kò lè so wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó wọn sórí dísìkì kan náà kọ́kọ́.

Ọjọ́ tó o bá fẹ́ ránṣẹ́ sí Ṣakí, ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kó o wá ṣe Pack Resources lórí ẹ̀dà yẹn. Gbogbo àwòrán á wọ inú .blend. Ó máa tóbi, ṣùgbọ́n yóò dé odindi. Má ṣe é sórí ojúlówó.

Ọ̀nà kan láti dín títóbi yẹn kù, kí ìrántí kọ̀ǹpútà sì fúyẹ́, ni kó o wo ìwọ̀n texture rẹ. Texture tó jẹ́ 4096 ní òró àti ní ìbú máa ń gba nǹkan bíi 64 MB nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, bí JPEG rẹ̀ tiẹ̀ kéré lórí dísìkì. Ti 2048 jẹ́ 16 MB. Ìkòkò tó wà lẹ́yìn ìyá arúgbó nínú yàrá, tí kò ju èékánná lọ lójú ẹni tó ń wò ó, 1024 tó o.

Àṣàkẹ́_Aláró · Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Gbogbo ohun tí ẹ sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ilu_final yẹn. Aláwòrán, ìlù ni àbí ìlú?

Aláwòrán_Ọjẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:22 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ìlù ni ilu_final. Ilu_final2 ni ìlú, àwọn òrùlé abẹ́ òkè Mápó. Ọ̀rẹ́ wa ti fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lórí èyí tí kì í ṣe òun rí, nítorí orúkọ yìí náà ni.

Àṣàkẹ́_Aláró · Ọjọ́ Ẹtì, 8:48 àárọ̀

Mo mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní oko.blend mẹ́ta nígbà kan: ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kọ̀ àwọn jagunjagun. Bí a bá yọ ohùn kúrò lára èdè wa, ẹrù á wọnú ara wọn.

Mo wá pinnu pé àmì ohùn pípé ni màá fi kọ gbogbo orúkọ. Mo ń ya ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà náà, àwọn tí wọ́n ń gbé jó ní Kétu àti Ìmẹ̀kọ. Mo kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa. Lọ́jọ́ kejì mo wá a láti inú látọ́ọ̀pù kejì, kò jáde, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Bọ́tìnnì látọ́ọ̀pù méjèèjì kò kọ ẹ̀ bákan náà: ọ̀kan mú ẹ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá fi ohùn lé e, èkejì mú è tó ti ní ohùn, ó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa ọ̀rọ̀ kan ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ohun kejì ni gígùn. Ní 4.2, orúkọ asset kò gbọdọ̀ ju báìtì 63 lọ. Báìtì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. Gelede láìní àmì jẹ́ 6. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ 18, nítorí pé ẹ̀ kan ṣoṣo ń jẹ 5. Orúkọ gígùn á kàn gé sí méjì lọ́wọ́ yín.

Mo ti ṣe é títí tó fi bá mi lára mu báyìí: orúkọ asset kò ní àmì, ṣùgbọ́n irú ohun tó jẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. irinse_oko, omi_oko, ogun_oko. Inú Description ni mo ti ń kọ orúkọ gidi, pẹ̀lú ohùn pípé àti ohun tí nǹkan náà jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti máa kà á. Ní Tags, mo ń kọ ọ́ lọ́nà méjèèjì.

Ọmọ_Peckham · Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ tí a bí síbí kò mọ ohùn orí ọ̀rọ̀ mìíràn rárá. Tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ asset náà tó rí ọ̀kọ̀ nínú Description, ó ti kọ́ nǹkan kan nìyẹn. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi lónìí. Kí n fi èyí kún un: ẹ máa lo lẹ́tà kékeré nínú orúkọ fáìlì. Awo.png àti awo.png, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú Windows, méjì ni wọ́n lójú Linux.

Àṣàkẹ́_Aláró · Ọjọ́ Ẹtì, 9:58 àárọ̀

Ó kù ohun kan tí mi ò fẹ́ kó lọ láìsọ. Lábẹ́ Description, àyè wà fún License, Copyright àti Author. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi wọ́n sílẹ̀ lófo. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń sọ di texture, Abẹ́òkúta ni mo wà. Tí mo bá ya Ìbàdàndùn, òpó Mápó àti ṣíbí wà nínú rẹ̀, ti gbogbo wa ni bátànì yẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ya fọ́tò rẹ̀, ìyá kan ló fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ sí i, ilà rẹ̀ wọ́ díẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n. Ọwọ́ ìyá yẹn ni. Mo béèrè kí n tó yà á, mo san owó, orúkọ tó ní kí n kọ ni mo kọ sí Author. Ohun tí ẹ bá mú láti Poly Haven, ojúlé tó ń fi ẹrù 3D fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, CC0 ni, ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ náà. Ọdún kan sí i, ẹ ò ní rántí èwo ni èwo. Oníbàárà kan ti dá iṣẹ́ padà fún mi rí nítorí pé mi ò lè sọ ibi tí òkúta kan ti wá.

Túńdé_Ń_Kọ́ṣẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kọ Description sí asset tó wà nínú fódà ẹrù, gbogbo àyè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, kò gbà mí láàyè.

Bàbá_Mẹ́ṣì · Ọjọ́ Ẹtì, 1:40 ọ̀sán

Inú fáìlì tó ń gbé nìkan lo ti lè tún un ṣe. Yan asset náà, lọ sí Asset lókè, Open Blend File. Blender mìíràn á ṣí. Tún un ṣe níbẹ̀, pa á mọ́, tì í. Ti àkọ́kọ́ á rí i fúnra rẹ̀.

Aláwòrán_Ọjẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo padà wá jábọ̀. Fáìlì 214 ti di 9. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é: mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kó èyí tó dára jù wọ ilé ìdílé rẹ̀, mo sì ń gbé ìyókù lọ sínú fódà kan tí mo pè ní atijo. Mi ò tíì pa ọ̀kankan rẹ́. Ìlù ti di orin_ilu, ìlú ti di ile_ilu_mapo. Nínú fáìlì kan ṣoṣo, Purge Unused Data, tó ń yọ ohun tí nǹkan kan kò lò, yọ material 61 tí mi ò tiẹ̀ rántí mọ́. Mo kà wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí n tó gbà fún un, nítorí ohun tí ojú mi ti rí.

Nípa Link, a ti fẹnu kò sí ti Bàbá_Mẹ́ṣì: ọmọ onílù wa àti ìyá rẹ̀ nìkan la ń ṣe Link sí. Ọ̀rẹ́ wa wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ó fi fláàṣì kó fódà ẹrù lọ, pẹ̀lú cats.txt.

Òun náà ló bá mi rí awọ gángan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti fi fáìlì ránṣẹ́ sí i pé kó wo bó ṣe rí, mo sì ti gbàgbé. Ó ti ṣe Append rẹ̀ sínú eré kẹta. Pípọ́n osùn ló bá a, nítorí àwòrán kò tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n material náà wà níbẹ̀ odindi, àwòrán sì wà lọ́dọ̀ mi. Mo so wọ́n pọ̀, mo ṣe Mark as Asset lójú ẹsẹ̀, mo kọ sí Description rẹ̀ pé: «Awọ gángan tí kọ̀ǹgọ́ ti lù pẹ́.»

Igi ló kù. Ọ̀dán mẹ́fà ni mo ní, ewé wọn kò dọ́gba, mi ò sì tíì mọ èyí tí màá fi ṣe ojúlówó. Màá fi àwòrán wọn síbí lọ́la kí ẹ bá mi wò ó.